Lúùpù Tí N Kò Sọ fún Bàbá Wọn

Lẹ́yìn ìrun àìlá ni mo bí ọmọ mi kẹrin, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Maiduguri níbí. Obìnrin ni. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì gbọ́ tí agbẹ̀bí fi èdè Hausa kí mi kú ewu ọmọ. Ibi ọmọ ni kò tètè jáde. Nígbà tó sì máa jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Ohun tí mo rántí jù ni pé òtútù ń mú mi, nínú oṣù kẹrin ọdún tí oòrùn ìlú yìí ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. Mo ní kí wọ́n fún mi láṣọ bora. Agbẹ̀bí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń sáré lọ pe dókítà.

Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Ọkọ mi fi ọ̀kan sílẹ̀. Aládùúgbò wa kan, Kànúrí tó ń ta ẹja gbígbẹ ní àdúgbò Bulabulin, fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, n kò mọ ẹni tó ni ín títí di òní, mo kàn máa ń ṣàdúrà fún un ni.

Ní ọjọ́ kẹta, dókítà obìnrin kan fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Yorùbá ni, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ó bi mí nípa àwọn ìbímọ mi ti tẹ́lẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo bí ẹnì kẹta. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tún ti wà lára mi báyìí. Ó wá ní, “Màmá, ẹ má ṣe lóyún mọ́. N kò sọ pé kẹ́ ẹ sinmi ọdún méjì o. Mo ní ẹ má lóyún mọ́ rárá.”

Ó ní òun á sọ fún ọkọ mi náà. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Dókítà ń sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ délẹ̀ tí ọkọ mi ti ń dúpẹ́, tó ní òun ń lọ ra oògùn. Ó sì lọ.

Bulabulin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló wá láti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ta abọ́ àti ìkòkò títí tó fi kú, a sì sin ín síbí. Ọkọ mi náà, ọmọ agbègbè kan náà ni, ó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí à ń gbé kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi ń kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Hausa ni àwọn ọmọ wa fi ń bára wọn ṣeré. Ìgbà tí inú bá ń bí mi nìkan ni wọ́n ń gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe òǹrorò. Kò na mí rí. Bí mo bá ṣàìsàn, òun ló ń wẹ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó ní Ọlọ́run tó yọ mí lẹ́ẹ̀kan á tún yọ mí. Ní ìgbà kejì, ó dìde, ó gbé bútà, ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àsìkò ìrun kankan kò tíì tó. Ní ìgbà kẹta, mo mú ìwé tí dókítà kọ fún wa, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sábẹ́ Àlùkùránì lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn ìyẹn n kò dá a sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́wàá, nǹkan oṣù mi pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo kọ́ ọmọ níwèé, mo sebẹ̀, mo rẹ́rìn-ín fún àlejò, ṣùgbọ́n inú mi ti ń pín àwọn ọmọ mi káàkiri. Èyí àgbà á lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Old GRA. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí á lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi nílé. Àwọn kékeré méjèèjì, n kò mọ ẹni tí mo lè fún. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ẹ̀jẹ̀, mo jókòó sórí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fètò sí ọmọ bíbí.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ohùn ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógún ọdún tó ti wà lókè Ọya. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní pẹ̀lú ohun tí òun rí yìí, oògùn oníhóró tí àwọn obìnrin ń lò lójoojúmọ́ kò yẹ mí. Ó sọ̀rọ̀ nípa èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Mo ní rárá, nítorí ọkọ mi máa ń di apá mi mú tí a bá ń sọdá títì, yóò fọwọ́ bà á. Nọ́ọ̀sì wò mí lójú.

Ó wá ṣí dúróà, ó mú nǹkan kan jáde, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Lúùpù ni. Mo ti ń gbọ́ orúkọ náà látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò rí i rí. Róbà kékeré funfun ni, kò gùn ju oríkèé kan àtàǹpàkò mi lọ, ó rí bíi lẹ́tà T, wọ́n wá fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé e lára. Òwú méjì wà nídìí rẹ̀. Ó ní bàbà yẹn ló ń ṣe iṣẹ́: kì í jẹ́ kí omi ọkùnrin lágbára láti dé ibi tó ń lọ. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀ tó máa da ẹ̀jẹ̀ ríru mi rú. Ó lè wà nílé ọmọ fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tó bá sì wù mí ni mo lè wá kí wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ apá kejì. Ó ní nǹkan oṣù mi á pọ̀ sí i, á sì pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Inú á máa run mí. Ó ní kí n má gbàgbé pé òun ti sọ ọ́.

Ó wá bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ pé mo wá. Mo ní kò mọ̀.

“Ara yín ni, Màmá,” ló sọ. “N kò ní lé yín padà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbé nǹkan pamọ́ nínú ilé, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa rù ú. Ẹ rò ó dáadáa.”

Mo ní mo ti rò ó.

Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irin tí wọ́n fi la ojú ara tutù. Nígbà tí ó ń ti lúùpù náà wọlé, ìrora mú mi nídìí ikùn bí ìgbà tí ìrọbí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dẹ̀. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi ìka wá òwú náà lóṣooṣù láti mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níta títí ojú mi fi wálẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo délé, mo se ìrẹsì.

Bí ó ṣe sọ ọ́ ló rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe nǹkan oṣù tẹ́lẹ̀. Ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́sàn-án. Nínú ilé wa, ọkọ mi ló ń ṣíwájú wa kírun àsùbá ní pálọ̀. Ọmọ wa ọkùnrin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti àwọn ọmọbìnrin á wà lẹ́yìn. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun, gbogbo ilé ló sì mọ̀, kò sí ẹni tó ń bi í. Àyè mi lẹ́yìn rẹ̀ wá ń ṣófo fún ọjọ́ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mo máa ń dùbúlẹ̀ ní yàrá, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka Àlùkùránì, mo máa ń rò pé ọkùnrin kì í ka irú ọjọ́ báyìí.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo fi í, ààwẹ̀ Ramadan dé. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni n kò lè gbààwẹ̀. Mo ń dìde se sàárì fún wọn, mo ń bá wọn jókòó, ṣùgbọ́n omi ni mo ń mu lọ́sàn-án nínú ilé ìdáná.

Ní ọjọ́ kẹwàá yẹn, ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù délé lẹ́yìn ìrun àláásàrì. Kì í wálé nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ti lọ sí iléèwé kéú, èyí kékeré ń sùn. Mo ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó sórí àpótí tó dojú kọ mí, kò bọ́ fìlà rẹ̀.

“Ìyá wọn,” ló ní, “àìsàn wo ló ń ṣe ẹ́ tí o kò sọ fún mi?”

Mo ní kò sí àìsàn kankan.

“Mo ti ń ka ọjọ́. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni mo ti ń kà á. Ṣé ẹ̀jẹ̀ yẹn ló tún padà dé?”

Èmi tí mo rò pé kò rí nǹkan kan, ó ti fi oṣù mẹ́rin gbàgbọ́ pé mò ń kú lọ lójú òun, pé mò ń fi í pamọ́ kí ó má baà dààmú. Ǹ bá ti purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi, kò ṣòro. Ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ẹni tó ti ń ka ọjọ́ báyẹn kí n purọ́. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan oṣù mi fi pẹ́ títí dé orí òwú tí mò ń fi ìka wá.

Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló mọ̀? Mo ní nọ́ọ̀sì nìkan. Ó dìde, ó jáde. Mọ́sálásí ló ti ṣínu lọ́jọ́ yẹn, láàárín àwọn ọkùnrin àdúgbò, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣínu títí ààwẹ̀ fi parí. Kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n wa. Ó ń kí mi láàárọ̀, mò ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pe ìrun màgàríbì, èmi àti àwọn ọmọ nìkan ló ń jókòó ti déètì àti omi. Ọmọ mi àgbà bi mí pé, “Mama, Baba fushi yake yi?” ìyẹn ni pé ṣé inú ló ń bí bàbá òun. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀, mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní kí n jókòó ná. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kí òun yọ ọ́ tàbí ọkọ mi. Mo ní ọkọ mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, kí ni èmi wá fẹ́? Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń dúró lẹ́yìn mi, ọ̀kan nínú wọn lóyún sínú, ó gbé òmíràn pọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa lọ sílé, pé ọjọ́ tí mo bá mọ ohun tí mo fẹ́, òun á ṣe é fún mi láìbéèrè.

Ọjọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ọkọ mi tó bá mi sọ̀rọ̀. A ti gbàlejò tán, ẹ̀gbọ́n mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó. Ó sọ fún mi pé òun lọ fi ẹjọ́ mi sun ààfáà tó ń ṣe wáàsí fún àwa Yorùbá. Ó ní òun ti ro gbogbo ẹjọ́ náà tán, ààfáà wá bi òun pé: kí ni dókítà sọ gan-an? Òun kò lè dáhùn, nítorí òun kò dúró gbọ́ ọ tán. Ààfáà ní kí òun lọ gbọ́ ọ ná, kí òun tó mú ẹjọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà náà láti àárọ̀ títí di àìlá, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, kí wọ́n tó pè é wọlé. Dókítà rántí wa. Ohun tó sọ fún mi lórí ibùsùn ló tún sọ fún un, ó sì fi kún un pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, a lè má rí àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta lásìkò.

Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀.

“Èmi ni mo fọ aṣọ yẹn,” ló sọ.

N kò mọ aṣọ tó ń wí. Ó ní ìró tí mo ró lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo bímọ. Mo ti rò pé ó sọ nù síbẹ̀ ni. Ó ní wọ́n kó o sínú ọ̀rá fún òun nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, òun wá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Ó ní òun fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ ń pọ́n. Ó tún da omi sí i, ó ń pọ́n. Òun kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Aládùúgbò wa Kànúrí ló wá ti ẹ̀rọ náà, tó di òun lọ́wọ́ mú, tó gba aṣọ náà lọ́wọ́ òun.

“Nígbàkigbà tó o bá dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀,” ló ní, “omi yẹn ni mo ń rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dìde.”

Mo ní mo yẹ kí n ti sọ fún un kí n tó lọ.

“O sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni n kò jókòó.” Ó wá gbójú sókè. “Ṣùgbọ́n ó dùn mí o, Ìyá wọn. Má rò pé kò dùn mí.”

Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ó dùn ún fún ìgbà pípẹ́. Ọdún yẹn kọjá kí ó tó tún máa bá mi ṣe àwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ìgbà kan sì wà tí mo bá jáde tí mo pẹ́, tí ó bi mí ibi tí mo lọ lọ́nà tí kò gbà bi mí rí. N kò jà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ mẹ́wàá tí mo jẹ ní gbèsè padà, ní ọjọ́ Ajé àti Alámìísì, òun náà gbà á pẹ̀lú mi, láìjẹ́ pé ó jẹ ọ̀kan. A jọ ń ṣínu. Ní àárọ̀ àwọn ọjọ́ tí n kò bá kírun, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá lẹ́yìn àsùbá, á ní ṣé kò sí o, mo máa ń ní kò sí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyá rẹ̀ wá kí wa láti ilé. Màmá náà fẹ́ràn mi, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Òun ló wẹ àwọn ọmọ mi mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, àdúrà rẹ̀ fún mi kì í yí padà: “Ọlọ́run á fi òmíràn tì í lẹ́yìn, ìyàwó mi.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, lórí oúnjẹ ọ̀sán, ó bi mí ohun tó dé tí èyí kékeré ti ń sáré kiri tí kò tíì ní àbúrò. N kò tíì la ẹnu tí ọkọ mi fi sọ̀rọ̀.

“Màámi,” ló ní, “èmi ni mo ní kó dúró. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀, èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.”

Màmá wò ó, ó wò mí, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́. Oṣù méjì ló ní òun fẹ́ lò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ. Kò bú mi, kò sì bá mi sọ ọ́ títí tó fi kú. Nígbà ayé rẹ̀, ó ṣì máa ń pè wá, ó ń béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Kìkì pé kò ṣe àdúrà yẹn fún mi mọ́. Títí di báyìí, tí mo bá rántí rẹ̀, àdúrà tí kò ṣe yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ó ti di ọdún kẹsàn-án tí lúùpù náà ti wà lára mi. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀jẹ̀ náà ti dín kù, ó di ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà. Ọmọ mi kẹrin ti ń ka ìwé fún mi báyìí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà ní àdúgbò Fori tó ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ mi. Ọmọ Borno ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti bí márùn-ún, ó ti sin ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, ó ń wọn èjìká ọmọ mi, ó sì fi Hausa bi mí bóyá mo mọ ibi tí obìnrin lè lọ tí kò bá fẹ́ lóyún mọ́. Nígbà tí a ku àwa méjì, mo sọ ìtàn yìí fún un, gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé ká ní ó tún ṣẹlẹ̀, ṣé n ó sọ fún ọkọ mi kí n tó lọ.

Mo rò ó. Mo ní ká ní mo dúró títí ó fi jókòó gbọ́ mi, bóyá n kì bá tí sí láàyè. Mo tún ní oṣù mẹ́rin tí òun nìkan fi ń ka ọjọ́, mo fẹ́ kí n lè dá a padà fún un. N kò mọ èyí tó wúwo jù. Ó gbọ́, ó mi orí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló pè mí pé òun ti ṣetán. N kò bi í bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. A jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Nígbà tí wọ́n pè é, ó gbé ọmọ náà lé mi lórí itan, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì wọlé lọ.